Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Sọ Ègùn ní Gbangba

Òórùn etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ kì í kúrò nímú ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan, epo àgbọn tó ń hó nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé: bí o bá fi aṣọ dì mí lójú, tí o gbé mi yí gbogbo ayé ká, ibi tí mo bá ti gbóòórùn wọn pa pọ̀, màá ní ilé bàbá mi nìyí. Ìwọ tí ò ń gbé Òkòkòmáíkò lónìí, tí ariwo mọ́tò ò jẹ́ kí o sùn, o ò ní gbà fún mi bí mo bá ní igbó àti oko pákí ni mo mọ ibẹ̀ sí. Ọkọ mi jẹ́ ará Ìbà, Ìbà náà ni mo sì wà ní àwọn ọdún yẹn, kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa. Bí àárò ìyá mi bá ti ń sọ mí, màá gbé agbọ̀n karí, màá fẹsẹ̀ gba inú igbó yẹn lọ sí Ọ̀jọ́. Ọmọ ìsinsìnyí á ní ìyà ni. Ìyà kọ́ o, ó ń dùn mọ́ wa.

Ní òdìkejì omi, lọ́ọ̀ọ́kán etí ọ̀sà wa, ni àwọn Ègùn kọ́lé sí. Ilé koríko ni, wọ́n gbé e sórí òpó kí omi má baà wọlé bá wọn. Apẹja ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa ẹja yàtọ̀ sí tiwa. Àwa a máa ju àwọ̀n kiri. Àwọn a máa gún ẹ̀ka igi sínú ọ̀sà, wọ́n á fi ṣe ọgbà, ẹja á rò pé òun ti rílé, á wọ ibẹ̀ lọ máa bímọ, tó bá pọ̀ tán, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. À ń jẹ ẹja wọn, a tún ń fi èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin Ègùn tó bá wá sọ́jà wa, tí kò lè fi Yorùbá ná ọjà, ẹlòmíì á kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò rí i. Bí ẹjọ́ bá sì délẹ̀ láàárín wa àti wọn, iwájú àwọn àgbà ìlú wa ni wọ́n ń gbé e wá, gbólóhùn kan náà ni olórí ìgbìmọ̀ sì fi máa ń ṣí ìjókòó: "Yorùbá là ń sọ níbí." Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, ó ti jẹ̀bi kó tó jókòó. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ń pa á lówe pé ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ń pa á, wọn ò sì rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ìyá mi, Ègùn ni. Má wulẹ̀ lanu sílẹ̀ wò mí, Ègùn ni mo wí. Apá Àgbádárìgì ni bàbá mi ti lọ gbé e níyàwó, ọjọ́ tó sì wọlé ọkọ ni ìyá bàbá mi ti kìlọ̀ fún un pé èdè yẹn ò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò òun láéláé. Ó gbọ́ràn. Ó kọ́ Yorùbá títí ó fi ń pa òwe fún àwọn tó bá nílé. Àwọn tó mọ ibi tó ti wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àwọn tó kù rò pé ọmọ Ìjànikin ni, kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá bàbá mi bá ti lọ sóko, tí ìyá mi ń wẹ̀ fún mi, Ègùn ló fi ń bá mi ṣeré, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń jẹun jíjí. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá gbìyànjú láti sọ ọ́ padà, á bú sẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ìbà pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá mi, lọ dẹ ìgèrè akàn sínú ọ̀sà lánàá, ìjì jà, kò sì padà wálé. Mi ò mọ bí mo ṣe gba inú igbó yẹn kọjá. Nígbà tí mo fi dé Ọ̀jọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti wọ ọkọ̀ lọ wá a. Bàbá Kékeré ló ṣáájú wọn, àbúrò bàbá wa, tó tọ́ wa dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa. Kò bí ọmọkùnrin kankan, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ṣe ọmọ. Mo yà sílé wo ìyá mi, àwọn obìnrin àdúgbò ti yí i ká, mo wá lọ dúró sétí omi pẹ̀lú èrò.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, a sì ti mọ̀. Wọ́n rí i. Ó ti kú, ó léfòó sínú ọgbà ẹja àwọn Ègùn. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní okùn wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n sì so màrìwò tútù sórí òpó náà. Ìwọ náà mọ ohun tí màrìwò jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí a bá ti rí màrìwò, awo wà níbẹ̀, ọ̀gbẹ̀rì kì í dé ibẹ̀. Wọn ò lè fọwọ́ kan òkú náà, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú omi, wọ́n sá padà wá.

"Wọ́n ti fi ọmọ mi bọ òrìṣà wọn!" Bàbá Kékeré ló ké bẹ́ẹ̀, ó sì fi orí ara rẹ̀ gbá igi àgbọn.

Orí burúkú kì í wú tuulẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin Ègùn kan wa ọkọ̀ kékeré wá gúnlẹ̀ sáàárín wa, òun nìkan. Ó gbé àjẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wa ọkọ̀ dání, ó fi fìlà ẹ̀gbọ́n mi sórí àjẹ̀ náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ náà ló kọ́kọ́ fà yọ: "Èmi so ó. Èmi so ó." Lẹ́yìn náà Ègùn wá ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi òjò, ó ń nawọ́ sí ọ̀sà, ó ń fọwọ́ gbá àyà. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyókù? Bàbá Kékeré já àjẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì là á mọ́ ọn léjìká. Mo gbọ́ bí eegun ṣe dún.

Gbẹgẹdẹ wá gbiná. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà. Ẹlòmíì fi ẹsẹ̀, ẹlòmíì fi kùmọ̀, obìnrin kan tí mo mọ̀ sí jẹ́jẹ́ fi ọmọrógùn là á mọ́ ọn lójú títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ìjà rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń lu èèyàn tí inú wọn ń dùn sí i. Ọkùnrin náà ń ké, mo sì ń gbọ́ ìlàjì ohun tó ń wí. Omi. Kí omi má gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kó wá gbé e. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Mo pariwo pé: "Ẹ fi í sílẹ̀ ná! Ó ní kí omi má gbé e lọ ló fi so ó!" Ìgbájú kan ló dá mi lóhùn. Bàbá Kékeré ló gbá mi, bàbá tó gbé mi jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ètè mi bẹ́, mo ṣubú lu ìdí ọkọ̀.

"Ìwọ náà ti di Ègùn?" Ó bi mí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ so mọ́ òpó kan náà láàyè, kí omi tó kún. Àgbàlagbà kan ló ní rárá, kí wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ná, kí ó má baà di ọ̀ràn ìjọba sí ìlú lọ́rùn. Ni wọ́n bá fi okùn sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ gba ọ̀nà ọjà lọ. Àwọn tí ìbínú wọn ò gba sùúrù padà sínú ọkọ̀, wọ́n bu iná sínú ìkòkò, wọ́n forí lé òdìkejì omi. Mo rí wọn. Mi ò lè dá wọn dúró. Èmi sáré gba ilé lọ bá ìyá mi.

Orí ẹní ni mo bá a, àwọn obìnrin dì í mú. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un: okùn, màrìwò, fìlà, ohun tí mo gbọ́. Ẹkún rẹ̀ dúró lójijì. Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, Ègùn ló fi bi mí, lójú gbogbo àwọn obìnrin yẹn, n kò sì rò pé ó mọ̀ pé òun ti yí èdè padà. "Ṣé orí òpó ló so màrìwò mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó ró aṣọ rẹ̀ le. Àwọn obìnrin ní ọlọ́fọ̀ kì í jáde. Ó gba àárín wọn kọjá.

Nígbà tí a dé àgbàlá tí ìgbìmọ̀ ń jókòó sí, ọkùnrin náà wà nílẹ̀, apá rẹ̀ kan yí sẹ́yìn bí apá tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti wú bò. Olórí ìgbìmọ̀ ti ń sọ gbólóhùn rẹ̀: "Yorùbá là ń sọ níbí. Ìwọ lo so ó tàbí ìwọ kọ́?"

"Èmi so ó," ni ọkùnrin náà wí. Ó tún fẹ́ fi Ègùn ṣàlàyé, ẹnìkan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu.

"Ó ti jẹ́wọ́," ni olórí ìgbìmọ̀ wí. "Kí ló tún kù?"

Ìyá mi ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ ọkùnrin náà lẹ́nu sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó wá bá a sọ Ègùn. Kì í ṣe èyí tó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tó bá ń wẹ̀ fún mi o. Ó sọ ọ́ jáde, ketekete, ohùn rẹ̀ kún gbogbo àgbàlá. Ó bi í, ọkùnrin náà dá a lóhùn. Ó tún bi í, ó tún dá a lóhùn, ó sì ń sunkún. Mo rí i tí orógún ìyá mi fọwọ́ di ẹnu.

Olórí ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyá wa, kí lẹ̀ ń sọ yẹn? Yorùbá là ń…"

"Ọmọ mi ló kú!" Ìyá mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Bí mo bá ní èdè ẹyẹ ni mo fẹ́ fi béèrè bí ọmọ mi ṣe kú, ẹ ó jókòó, ẹ ó sì gbọ́ ọ."

Ó wá ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ní abúlé tí wọ́n ti bí òun, ẹni tó bá rí òkú nínú ọ̀sà kò gbọdọ̀ gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ òkú náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ti jí i gbé mọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó rí i yóò so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òpó kí omi má gbé e lọ sí òkun, yóò fi màrìwò sórí òpó kí ọlọ́kọ̀ má baà wa ọkọ̀ lé e lórí, yóò wá mú nǹkan tó bá jẹ́ tirẹ̀ lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. "Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe nìyẹn. Ó bá ọkọ̀ ọmọ mi ní dídojúdé. Ó so ó sílẹ̀ fún mi ni."

"Ta ló lè jẹ́rìí pé kì í ṣe irọ́ ló ń pa?" Ẹnìkan ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ìyá mi yíjú sí wọn. "Apànìyàn wo lẹ rí tó gbé fìlà ẹni tó pa wá fún ìyá rẹ̀?"

Bàbá Kékeré ṣì gbé àjẹ̀ náà dání. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ náà ṣe mí. Olórí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

Òbí kì í fojú kan òkú ọmọ rẹ̀, ìyá mi kò lè bá wa lọ sórí omi. Ó ní kí èmi wọ ọkọ̀, kí n máa fi ìwọ̀nba tí mo gbọ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, nítorí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní dandan òun á bá wa lọ, apá òun ìbáà já. Bàbá Kékeré ló wa ọkọ̀. A bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó so ó sí, omi ò tíì gbé e lọ síbì kankan. Nígbà tí Bàbá Kékeré fẹ́ tú okùn náà, ó rí i pé aṣọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ya nínú aṣọ ara rẹ̀, ó fi wé ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kí okùn má baà gé e. Ọwọ́ Bàbá Kékeré ò lè tú kókó náà mọ́. Èmi ni mo tú u.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ ni a rí èéfín. Ọ̀rẹ́ mi, a ti gbàgbé àwọn tó gbé iná lọ. Nígbà tí a fi máa dé abúlé Ègùn náà, òpó dúdú ló kù lórí omi. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ti bọ́ sínú ọ̀sà, omi mù wọ́n dé ọrùn, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo ẹranko. Bàbá ọkùnrin yìí, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, wà nínú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ ti iná bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tiwa ṣì dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú.

"A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé," ló ń wí fún Bàbá Kékeré. "Ègùn ló ń sọ. A rò pé èpè ló ń gbé wa ṣẹ́."

Ọkùnrin Ègùn náà wo ẹnu ọ̀dọ́ náà, ó wá yíjú sí mi kí n sọ ohun tó wí fún òun. Mo mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà ní Ègùn, gbogbo wọn. N kò lè sọ ọ́. Mo fi orí balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkọ̀, mo ké.

Ọlọ́pàá wá láti Àgbádárìgì, àwọn kan rẹ̀wọ̀n. Bàbá Kékeré ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé ọkùnrin náà padà, kò sì gbé kùmọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Apá ọkùnrin náà ò na tán mọ́ láéláé. Ìyá mi lọ bá olórí ìgbìmọ̀, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹjọ́ Ègùn kankan kò gbọdọ̀ délẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́ Ègùn níjòókòó, bí wọn ò bá sì rí ẹlòmíì, òun wà nílé. Wọ́n gbà, ìtìjú ló mú wọn gbà á. Ó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn obìnrin Ègùn á gba ọ̀nà Ọ̀tọ̀-Àwórì wá bá a, wọ́n á máa pè é ní ìyá. Lónìí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ lórí rédíò pé èdè kan ṣoṣo ló lè parí ìjà nílẹ̀ yìí, mo máa ń pa rédíò náà. Gbogbo àwọn tó gbé kùmọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé dáadáa.

Ìyá mi ti darúgbó nígbà tí ọ̀dọ́ ọjọ́sí yẹn, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú, wá bá a ní ọ̀sán kan. Òun náà ti hewú. Mo wà níbẹ̀, à ń rin àgbọn. Ó jókòó, ó wá ní ohun tí bàbá arúgbó yẹn ń ké nínú ilé kò kúrò létí òun láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ò gbọ́ Ègùn. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde, bó ṣe gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, kí ló ń wí?" Mo gbọ́ ohun tó sọ, ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbọn, ó wo ọkùnrin náà pẹ́.

"Ohun tí ìwọ náà ìbá wí nínú iná yẹn ni," ló dá a lóhùn.